Èmi Kọ́ Ni Wọ́n Dì

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó níbí. Mo kí ará ilé wa ní Ìgandò, mo kí àwọn onídìrí ẹgbẹ́ yín ní Ìkòtún. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sódì.

Bọ́sẹ̀ àbúrò mi ló sọ fún mi pé nígbà tí ẹ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá ní ẹ̀dì ti dì mí. Wọ́n ní ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́: "Ó dì í pinpin, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́." Wọ́n ní abájọ tí n kò fi tíì lọ́kọ. Ni wọ́n bá yọ Bọ́sẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́, kó má baà tẹ̀lé mi wọnú sáyẹ́ǹsì. Owó ìdánwò rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, ìṣọ́ òru ìtúsílẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Màmá, iṣẹ́ mi ni mò ń ròyìn o! Bakitéríà ni mò ń sọ, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo àbùdá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Èròjà kan nínú rẹ̀ tí à ń pè ní purotéènì ń dì mọ́ okùn náà bí òwú ṣe ń dì mọ́ irun lọ́wọ́ yín. Ibi tó bá dì, àbùdá ibẹ̀ á dákẹ́, kò ní lè ṣiṣẹ́; òun ni mo ní kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú omi tútù, ibi tí àìsàn wà lára okùn náà á wà ní dídì. Bí kòkòrò náà bá dé ikùn ènìyàn, tó rí ooru, òwú á tú, àìsàn á bẹ̀rẹ̀. Purotéènì mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ká okùn náà, kí apá kan lè bá èkejì pàdé, kí iṣẹ́ lè yá. Èwo ni ti ẹ̀dì níbẹ̀?

Òtútù ibí ń jẹ egungun. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni mo rí bá sọ Yorùbá. Ayọ̀ mi ni mo fi ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ jókòó síbẹ̀, Màmá, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí òwú ti gé ìka yín! Irun dídì lẹ fi rán wa nílé ìwé, Bọ̀ọ̀dá gan-an wà lára wa. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀dì nígbà náà.

Bọ̀ọ̀dá, èmi kọ́ ni wọ́n dì. Bọ́sẹ̀ ni ẹ dì, ọwọ́ yín sì ni okùn náà wà. Ẹ tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Màmá, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín tí ẹnikẹ́ni ò dì,
Fọlákẹ́