Ìràwọ̀ Méjì Tí Ẹ̀rọ Ń Retí

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Mọ́sálásí Tuntun,
                                        Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìyá Fáìsátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Khalilullah. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, má bínú. Ṣé àlàáfíà ni? Bàbá Fáìsátù ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ṣé òjò ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Bàbá Khalilullah wà lóko kòkó ní Wásinmi, ara wọn le.

O mọ̀ pé inú yàrá ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó. JavaScript ni wọ́n ń pe èdè tó fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó kọ àlàyé sórí àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ mìíràn tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ni yóò wá ṣa àwọn àlàyé náà jọ, tí yóò sọ wọ́n di ìwé ìtọ́nisọ́nà. Bí ìwé náà kò bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kí Jímọ̀ tó kọjá, wọn ò ní gbà á síṣẹ́ pátápátá, torí wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Lọ́jọ́rú, ó ní kí ẹ̀rọ ṣa á jọ. Òfìfo ló jáde, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lókè: "Home." Èmi tí mo ka girama tán, mo yọjú wò ó, mo rò pé wọ́n ti ní kó máa lọ sílé ni. Mo ti ń sunkún kó tó ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe máa ń kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́.

Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò, ó sì tún fi í sí i. Òfìfo. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ìlà kan tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti àmì ìràwọ̀ méjì ló yẹ kó ṣáájú àlàyé kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ kan ni òun ń fi sí i. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ náà á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i. Mo ní èyí yé mi. Bí ọmọbìnrin bá fi orúnkún kan kí àgbà, ṣé àgbà ń dáhùn ni? Mo ní kó tilẹ̀ fi ìkẹta kún un, fún ọ̀wọ̀. Amatullah àbúrò rẹ̀ ní, "Màámi, ta ló ní orúnkún mẹ́ta?" Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Khalilullah, ó fi mẹ́ta-mẹ́ta sí gbogbo ẹ̀. Òfìfo. Ẹ̀rọ náà kì í gba àṣejù. Khalilullah dìde, ó lọ kírun Aláásárì.

Ó dá wọn padà sí méjì-méjì, ìwé sì jáde, àlàyé kún inú rẹ̀. Lánàá, kó tó lọ kírun Jímọ̀, ó fi ránṣẹ́. Èsì tí ọ̀gá rẹ̀ kọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Noted." Khalilullah ní wọ́n ti gba ìwé náà nìyẹn, ó lọ sùn. Èmi ò rí oorun sùn. Ẹni tí a gbé oúnjẹ fún, tó ní òun ti rí i, ṣé ó jẹ ẹ́ ni?

Bá mi kí àwọn ará ilé, àti Fáìsátù ọmọ wa. Òun tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, jọ̀ọ́ bi í bóyá ìròyìn ayọ̀ ni "Noted" àbí ìdágbére. Ohun tó bá sọ, kọ ọ́ kíá, kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ lápá ibí.

Tìrẹ ni mí nígbà gbogbo,
Sàlámọ̀tù, Ìyá Khalilullah.