Bébà Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé Kẹta

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo ti yọ bébà náà kúrò. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tí mò ń wí: bébà tí ẹ ká, tí ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ gíláàsì fèrèsé kẹta ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà máa pariwo tí ẹ bá ń tẹ dùùrù.

Mo rántí àárọ̀ tí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ kùn sí ẹnu kọ́ọ̀bù tíì yín, ẹ gbé ohùn sókè, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ṣíbí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ ní afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìró kiri bí ìgbì omi, pé gbogbo nǹkan ló ní ohùn tirẹ̀. Tó bá ti gbọ́ ọ, á dáhùn, ẹnikẹ́ni ì báà má fọwọ́ kàn án. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí dùùrù ni gíláàsì yẹn ń dá lóhùn.

Fẹ́mi ò mọ̀ nípa bébà náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní dùùrù, ìkòkò wa ló ti ń jẹun, síbẹ̀ òun ló lọ sọ fún ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n, pé ẹ ń ba orin jẹ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ dùùrù lọ́wọ́ yín. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti kùn mọ́, àní nídìí tíì. Bàámi, ṣé àìsàn tí dókítà sọ ló pa yín lóòótọ́?

Lọ́jọ́ ìkórè, mo tètè wọkọ̀ wá láti Àgọ́-Ìwòyè, mo bá ṣọ́ọ̀ṣì lófo. Ìṣẹ́jú kan ò gbà mí láti yọ bébà náà. Nígbà tí Fẹ́mi tẹ orin ìwọlé, gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀: jìjìjìjì! Ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Jìjìjìjì! Òógùn bò ó. Ìyá àgbà kan níwájú mi yíjú padà.

“Ṣebí wọ́n ní ọwọ́ bàbá ẹ ló ń gbọ̀n? Ti ta ló wá ń gbọ̀n yìí?”

Mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí ariwo náà ò dáwọ́ dúró. Lánàá, Fẹ́mi wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, ṣé Bàbá ò sọ nǹkan kan fún mi nípa dùùrù yẹn? Bébà náà wà nínú Bíbélì mi lórí tábìlì, níwájú rẹ̀ gan-an. Mo ní n ò mọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ì bá ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ló bá nílé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní sùúrù yín.