Orúkọ Bàbá Oníyẹ̀fun Tí Kọ̀ǹpútà Ò Gbà

Àkọ́bí mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ilé onílé tí o ń gbé kò jò mọ́? Olúwa tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà wà, ààrò búrẹ́dì wa ṣì ń gbóná, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn sì ti di ìjà tọkọtaya, a ti mọ́ ara wa lára.

Ọ̀rọ̀ owó-orí ló mú mi kọ̀wé. Ìjọba ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tó gba èèyàn síṣẹ́ pé àwọn ò gba bébà mọ́, pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí kálukú ti lọ kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye tó ń san fún wọn àti owó-orí tó yọ níbẹ̀, kí oṣù tó parí. Mo ní mo ti sanwó ní báńkì, wọ́n ní sísan yàtọ̀, ríròyìn yàtọ̀. Mo bá wọ aṣọ ìjáde mi, torí mi ò mọ̀ bóyá ìjọba á máa wò mí láti inú ẹ̀rọ, mo lọ bá arákùnrin oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà.

Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí. Èmi tí mo bí ọ. Ó kó àwòrán jáde, ó ní kí n tọ́ka sí gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, mo wá bi oníkọ̀ǹpútà pé ṣé ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn kì í ṣe èèyàn ni. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí n yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan, kí n má ṣe jẹ́ kó sọnù. Mo padà sílé búrẹ́dì, mo sọ ọ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí oníkọ̀ǹpútà gbọ́, ó káwọ́ lérí, mi ò mọ ohun tó ń dùn ún.

Ibi tí wàhálà wà ni ti Bàbá Oníyẹ̀fun, àgbà tí wọ́n ti ń bá wa po ìyẹ̀fun láti ayé bàbá rẹ. O mọ̀ pé onílé wọn ti ní kí wọ́n kó jáde. Ìjọba fún wọn ní yàrá kan nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n bí owó-orí wọn ò bá hàn lórí ẹ̀rọ kí oṣù tó parí, yàrá di ti ẹlòmíì. Oṣù sì ku ọ̀la. Mo kọ nọ́ńbà owó-orí wọn dáadáa, níbi orúkọ mo kọ Bàbá Oníyẹ̀fun. Ẹ̀rọ kọ pupa, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni kò tó, mo kọ Bàbá Wa Oníyẹ̀fun. Pupa. Mo fi ẹ kú iṣẹ́ kún un. Pupa náà ni.

Oníkọ̀ǹpútà ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́mọ gan-an ló ń bèèrè. Mo fárígá, mo ní mi ò ní í pe ẹni tó lè bí mi lórúkọ níwájú ìjọba. Ká sọ tòótọ́, mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ ọ̀hún. Nínú bébà àtijọ́, Bàbá Oníyẹ̀fun la máa ń kọ, akọ̀wé á rẹ́rìn-ín, á lu òǹtẹ̀.

Mo bá padà lọ bá wọn nídìí iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, ìjọba ló fẹ́ kí n rí wọn fín. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó pè é mọ́, kí n pè é kí àwọn gbọ́ bóyá mo mọ̀ ọ́n pè. Mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dá mi lóhùn pé mà. Ojú ti àwa méjèèjì, mo sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun.

Ẹ̀rọ gbà á. Ìwé ẹ̀rí jáde, Bàbá gbé e lọ, wọ́n sì ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ò sí nínú yàrá náà. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́: fi owó bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́, àti owó oníkọ̀ǹpútà, tó ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ kọ pupa lòun máa gbowó lé lórí. Fi rán awakọ̀, mi ò fẹ́ kó gba inú fóònù kọjá, fóònù mi kì í pa nǹkan mọ́.

Mo gbọ́ pé ọ̀gá ni gbogbo wọn ń pè ọ́ ní ọ́fíìsì, ìyàwó rẹ sì ń pè ọ́ ní bàbá àwọn ọmọ. Ó dára, ó yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló kù tó ń pe orúkọ tí a sọ ọ́, mi ò sì ní í wà níbí títí. Wá sílé lóṣù tó ń bọ̀ kí n pè ọ́. Olúwa á ṣọ́ ọ fún mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, mi ò sì ní pè ọ́ tì láé.

Ìyá rẹ ni.