Màmá Ọlọ́wọ́-Wọ́ọ́rọ́, Agbẹ̀bí Tó Kọ́ Ẹ̀rọ Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Kan Ènìyàn

Ní ọdún 1949 ni a bí màmá wa fún bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà àti ìyá alágbàfọ̀, ìdílé tó ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun. Màmá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ní 1972, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ní 1975. Bàbá a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ìka ìyàwó òun mọ ìṣirò ju òun lọ: wọ́n á kàn fọwọ́ kan ikùn, wọ́n á sọ iye ọ̀sẹ̀ tí oyún pé.

Màmá kì í fọwọ́ kan aláboyún láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wọn yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ wọn ti wá. Àwa ọmọ rò pé àṣejù àgbà ni.

Ní 2016, àkọ́bí wọn, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ìbọ̀wọ́ kan àti ọwọ́ rọ́bà kan. Ohun tí ọwọ́ rọ́bà bá kàn lọ́nà jíjìn, ìka ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Màmá ni ó pè láti dán an wò.

Lọ́jọ́ náà, aláboyún kan ń rọbí ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó jìnnà, níbi tí wọ́n gbé ọwọ́ rọ́bà sí. Màmá wọ ìbọ̀wọ́ nílé lọ́dọ̀ àkọ́bí, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà lọ́hùn-ún lórí fóònù. Bí orí ọmọ bá wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò bí sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ́ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Màmá wá orí ọmọ títí, wọn ò rí i. Gbogbo ikùn le gbagidi. Awakọ̀ ń fun fèrè. Àkọ́bí rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Ni màmá bá jágbe mọ́ wọn pé ta ni ọwọ́ tútù bẹ́ẹ̀ yóò kàn tí kò ní sún kì! Nọ́ọ̀sì sáré fi tówẹ̀lì tó gbóná wé ọwọ́ rọ́bà. Ikùn rọ̀. Màmá rí orí ọmọ lókè, lábẹ́ egungun ìhà, wọ́n sì pariwo kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ti ń kọjá ní géètì kí ó tó dúró gbé aláboyún náà. Ìyá àti ọmọ padà wálé láàyè, láti ìgbà náà ni àkọ́bí ti ń fi ohun amúnimóoru sínú gbogbo ọwọ́ tó bá ṣe.

Màmá sin Ọlọ́run láìṣe àṣehàn, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ fún ogún ọdún.

Nígbà tí àìsàn wọn le, àkọ́bí wà lẹ́yìn odi, dókítà sì ní wákàtí díẹ̀ ló kù. Ó wọ ìbọ̀wọ́ lọ́hùn-ún. A fẹ́ yára gbé ọwọ́ rọ́bà lé ọwọ́ màmá, ó ní rárá, kí a jẹ́ kó móoru ná. A dúró, ẹ̀rù ń bà wá pé ẹ̀mí lè bọ́ kí ó tó móoru. Ó móoru. Màmá tí wọn kò mira láti ọjọ́ méjì fún ọwọ́ náà mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí bú sẹ́kún lọ́hùn-ún: ó mọ̀ ọ́n lára.

Ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn.

Màmá wa, kí ilẹ̀ tí ẹ sùn sí lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún yín. Ẹ sùn re o.