Má Jẹ́ Kí Màmá Lọ Wo Àwòrán Tó Ń Kọrin

Odessa,

Màmá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Má jẹ́ kó lọ sí sinimá. Tó bá di dandan, jókòó lé e lórí.

Ó ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ pé, "Oníranù mi yìí náà ti ń kọrin Olúwa fún gbogbo Amẹ́ríkà." Mo lọ wo àwòrán náà ní sinimá láàárọ̀ yìí. O mọ̀ pé àwọn tó ń ya àwòrán sinimá máa ń gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àwa akọrin kí wọ́n tó yàwòrán sí i. Orin àdúrà Màmá ni mo kọ fún wọn, mo sì gbé ohùn bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyá arúgbó dúdú kan ni wọ́n yà sí i, ètè rẹ̀ tó ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó há adìẹ tó jí mọ́ abíyá. Àwọn ọmọ tiwa gan-an rẹ́rìn-ín títí òrùlé fi fẹ́ ṣí.

"Ìyá ẹ nìyẹn!"

"Ìyá tìẹ ni!"

Èmi tí mo lè pa òkú lẹ́rìn-ín, mo fi fìlà bojú, mo sá jáde níbẹ̀.

Sọ fún Màmá pé irọ́ ni mo pa, pé n kò kọrin kankan. Yóò gbà, ó mọ̀ mí. Kó bú mi lójú gbogbo ìjọ sàn ju kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu nǹkan yẹn lọ.

Mo ti jáde nílé. N kò lè wojú rẹ̀.

Roscoe