Ọ̀já Màmá ní Adelphi

                                        Adelphi,
                                        Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Àǹtí Morọ́láyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bùọ̀dá Taofeek ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín tó wú ńkọ́, ṣé ó ti ń lọlẹ̀? Ara tèmi le. Òtútù ló ń bá mi jà, àti yàrá tí kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín pé kí n fi ọ̀já tí Màmá fi pọn àwa méjèèjì ránṣẹ́ kí ọmọ tó dé. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, orí ọ̀já yẹn ni mò ń sùn sí.

Lánàá, Anna tí a jọ wà ní kíláàsì mú mi lọ sí sínágọ́gù wọn. Júù ni wọ́n. Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé kan tí wọ́n fi òwú wúrà ya kìnnìún sí, wọ́n gbé Ìwé Mímọ́ wọn jáde, awọ gígùn tí wọ́n ká jọ. Àǹtí mi, ìwé náà wọ ẹ̀wù! Ẹ̀wù àrán pupa, ó tún dé adé fàdákà. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ni mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Èmi nìkan! Ìyá àgbà Anna fà mí lápá.

“Dìde, ọmọ mi. A kì í kúnlẹ̀ fún un.”

Ohun tó dé adé, kí n máa wò ó lóòró?

Nígbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà láti kà á, mo rí aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi dì í. Ọ̀já gan-an! Ìyá àgbà ní aṣọ tí wọ́n fi wé Jesse ọmọ òun lọ́jọ́ tí wọ́n dá abẹ́ fún un ni. Òun ló gé e, tó rán an pọ̀, tó fi òwú kọ orúkọ ọmọ náà sí i, tó sì kó o wá síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni Jesse nínú àwọn tó jókòó.

“Jesse? California ló wà. Kì í yọjú. Aṣọ rẹ̀ ni kì í pa ìsìn jẹ.”

“Ṣé kò dùn yín láti yọ̀ǹda rẹ̀ ni, Mà?”

“Ó dùn mí o. Mo sunkún. Àmọ́ tó bá wà nínú àpótí mi, kí ni ì bá máa dì?”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Kò tíì yé mi tán. Ṣé ẹni tí wọ́n ti pọ̀n ló ni ọ̀já, àbí ẹni tí wọn ò tíì pọ̀n? Mo fi ọ̀já náà pọn ìrọ̀rí, mo dúró sí kíṣìnì bí òmùgọ̀. Ìrọ̀rí ò ké, kò ta ẹsẹ̀.

Àǹtí Abísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ń lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti gbé e fún wọn. Mi ò fọ̀ ọ́ o. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná. Mo fi òwú pupa kọ orúkọ àwa méjèèjì sí etí rẹ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Taofeek.

Èmi ni àbúrò tó gba ẹ̀yìn Màmá lọ́wọ́ yín,
Mosúnmọ́lá.