Ẹ̀rín Àwọn Ará Erékùṣù

Bàbá mi ọlọ́yàyà,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín nínú fíìmù àtijọ́ yẹn, èyí tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kan rì, tí òyìnbó náà sì bá ara rẹ̀ ní erékùṣù. Mo wọ agboolé wa ní Ìwó, mo bá ẹ̀gbọ́n yín, Àláájì, lórí ẹní. Mo dúró ṣánṣán lé wọn lórí, mo na ọwọ́ sí wọn pé kí a bọwọ́. Wọ́n wo inú ọwọ́ mi bóyá mo mú nǹkan wá. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan pariwo pé:

"Ẹ kú oríire o, Àláájì! Ẹgbẹ́ yín dé láti ìlú òyìnbó!"

Kíá ni mo kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn obìnrin erékùṣù rẹ́rìn-ín nígbà tí òyìnbó na ọwọ́ sí baálẹ̀ wọn! Ibẹ̀ lẹ máa ń dá fíìmù padà sí, tí ẹ ó máa gbá itan, tí ẹ̀pà á máa bọ́ lẹ́nu yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?

Mo ti ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ lórí fíìmù náà. Òpè nínú aṣọ ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn! Àwọn ti àtijọ́ ní àwọn ará erékùṣù ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí kò gbọ́n. Àwọn ti òde òní fi àánú bojú, wọ́n ní ẹni tó ṣe fíìmù ló bú wọn, tó mú wọn máa rẹ́rìn-ín lásán. Lásán kẹ̀! Kò sí ọ̀kan tó bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Òyìnbó bíi tiwọn gan-an ni àwọn ará erékùṣù ń fi ṣẹ̀sín, àwọn náà ló tún ń ṣàlàyé ẹ̀rín.

Mo kọ èyí fún ìwé ìròyìn iléèwé wa lọ́hùn-ún. Òun ni ì bá jẹ́ àròkọ mi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tẹ̀. Olóòtú ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n yọ yín kúrò, kí n fi lámèyítọ́ kan rọ́pò yín, torí bàbá tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Àmọ́ tí mo bá kọ̀, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́, ìsọkúsọ àwọn yẹn náà ni àwọn tó ń bọ̀ yóò máa kà.

Bàbá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n yọ yín, kí òótọ́ lè jáde, àbí kí n gba àròkọ mi padà?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ẹ̀rín tọ́.